Bátìrì Ni, Kì í Ṣe Oògùn Ìyá Mi

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ tí kò tètè dé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níbi tí mo wà ní Ọ̀yọ́ níbí, àmọ́ mo ti yára dìde, torí ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo kí Dúpẹ́ àbúrò mi tó ń bá yín gbé. Òun ni yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Dúpẹ́, má fo ibì kankan o, pàápàá ibi tí kò bá dára fún mi. Mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ni, torí ọ̀rọ̀ tí mo bà jẹ́ ní gbangba, n kò lè tún un ṣe ní kọ̀rọ̀.

Nígbà tí Dúpẹ́ wá kí mi lóṣù tó kọjá, kò jókòó dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó ní àwọn ọkùnrin ń wá kanlẹ̀kùn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Takie, wọ́n ń tọrọ oògùn agbára ẹsẹ̀. Ó ní ọ̀kan tiẹ̀ fa àkùkọ lọ́wọ́ wá. Ẹni tí ẹ bá lé lónìí, á tún padà lọ́la, á tún padà lọ́túnla. Ó ní àwọn ìyá ìjọ ti ní kí ẹ ṣì jókòó ná, kí ẹ má ṣíwájú àdúrà Ọjọ́rú mọ́ títí ọ̀rọ̀ á fi yé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣíwájú àdúrà yẹn kí irun tó hù lágbọ̀n mi! Ó ní ẹ ò bínú, ẹ ò sunkún, ẹ kàn ní ẹni tó gbé ẹrù lé yín lórí ni kó wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, pé kí n má ṣe wọlé yín títí n ó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Màmá, èmi ni mo gbé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ẹ mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe níbí. Iṣẹ́ ò pọ̀ mọ́, alùpùpù ni gbogbo wọn ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ owó bẹntiróò ò jẹ́ kí wọ́n gùn ún. Iṣẹ́ ò pọ̀, owó ò pọ̀, ẹ̀rín nìkan ni mo ní lọ́pọ̀, òun náà ló sì kó bá mi. Olùkọ́ kan tó ti ìlú òyìnbó dé ló ní ẹ́ńjìnnì kékeré kan, kò ju agolo mílíìkì méjì lọ. Iwájú kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń dè é mọ́, á fẹnu ko táyà, wáyà á lọ sínú bátìrì, iná bátìrì náà á sì máa yí táyà. Nígbà tí olùkọ́ yìí ń kó kúrò nílùú, ó fún mi, ó ní ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n tọ́jú. Mo gbé bátìrì sínú àpò, mo sì ya aṣọ agbádá mi kan tó ti gbó, mo fi bo ẹ́ńjìnnì. Mo sọ fún gbogbo ayé pé nítorí eruku ni. Irọ́ ni. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i ni.

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ilé máa ń dákẹ́ jù lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, débi pé mo máa ń gbọ́ bí aláǹgbá ṣe ń rìn lórí páànù. Ìgbà náà ni mo máa ń gbé kẹ̀kẹ́ mi. Mi ò gba títì ọlọ́dà, àwọn tírélà tó ń lọ òkè Ọya ò mọ àgbà. Ọ̀nà oko ni mò ń gbà, ọ̀nà pupa tó gba abẹ́ igi irúgbá àti abẹ́ igi ẹmi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Tí kajú bá tanná báyìí, òórùn rẹ̀ á ti pàdé mi kí n tó dé ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí ò pariwo, bí eṣinṣin inú igbá ló ṣe ń kùn. Àparò á wà láàárín ọ̀nà, kò ní fò títí n ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ún nírù. Mo kọ́kọ́ ń dé ẹ̀yìn ìlú, lẹ́yìn náà ìlú Odò Ọbà, níbi tí wọ́n ti ń bá mi ṣáàjì bátìrì, lẹ́yìn náà mo dé ọ̀nà Ìrẹsà.

Ọ̀nà Ìrẹsà yẹn ni mo ti bá Àlàbí oníṣu lórí òkè. Ó di iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, Takie ló ń kó o lọ, ó ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè, òógùn bò ó. Mo kọjá lára rẹ̀. Ẹ̀yìn mi dúró ṣánṣán, ọwọ́ kan wà lápò, mò ń fi ẹsẹ̀ yí pẹ́dà lásán fún ojú ayé, orin ìjọ wà lẹ́nu mi. Mo ní ó kú ìtikẹ̀kẹ́. Ó pariwo pé bàbá, kí lẹ jẹ?

Bátìrì ló yẹ kí n sọ. Àmọ́ ẹ mọ ẹnu mi. Mo ní màmá mi ní Takie ló ra nǹkan mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n já mi lẹ́nu ọmú, pé ó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ó ní ṣé wọ́n lè fún èèyàn. Mo ní wọ́n á kọ́kọ́ sẹ́ o, wọn kì í tètè fúnni, àfi kéèyàn bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Àlàbí gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọjà. Ẹ wá rí ohun tó mú kí wọ́n máa padà wá. Èmi ni mo kọ́ wọn.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé Odò Ọbà. Lọ́jọ́ tí Dúpẹ́ wá, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo wá Àlàbí lọ, mo ṣí aṣọ lórí ẹ́ńjìnnì, mo fi wáyà hàn án, mo fi bátìrì hàn án. Ó wò ó, ó wò ó, ó mi orí, ó ní àṣé inú àpótí dúdú yìí lẹ ń kó oògùn Màmá sí! Tí mo bá bò ó, oògùn ni. Tí mo bá ṣí i, oògùn ni.

Nítorí náà, mo ti mọ ohun tí n ó ṣe, ọyẹ́ ò lè dá mi dúró. Ní Sátidé tó ń bọ̀, n ó gba ọ̀nà oko wá, n ó dé Takie nígbà tí ọjà bá kún. N ó ní kí Àlàbí fọwọ́ ara rẹ̀ yọ bátìrì. Kí àwọn ìyá ìjọ gbà á dání, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kò ní bù wọ́n jẹ. Lẹ́yìn náà, èmi Àkànjí tí mo ti ń yangàn, n ó fi ẹsẹ̀ tèmi gun òkè ilé wa lójú gbogbo yín. Màmá, mo ti dán an wò níbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mi ò dé ìdajì. Ìyá arúgbó kan tó ru igi kọjá lára mi, ó ní ṣé kí òun bá mi ti kẹ̀kẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò rí ní Sátidé. Ẹ̀yin ará Takie tí ẹ bá ń ka ìwé yìí, ẹ wá wò ó, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá tọrọ oògùn lọ́wọ́ ìyá mi, kó wá wo bí ẹni tí wọ́n fi oògùn ra lẹ́sẹ̀ ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Dúpẹ́ ní kí n ju kẹ̀kẹ́ náà nù. N kò ní jù ú. Ọ̀nà Ìrẹsà yẹn lẹ ti máa ń pọ̀n mí bọ̀ láti oko, agbọ̀n àgbàdo lórí, èmi lẹ́yìn. Ẹ ní mọ́tò ń gbọn ìbàdí yín, pé ẹ lè má fojú kan ibẹ̀ mọ́. Mo ti di fóòmù mọ́ àga ẹ̀yìn. Tí wọ́n bá ti dá àdúrà Ọjọ́rú padà fún yín, àwa méjèèjì ń lọ síbẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tí ẹ bá ní ẹ ò gùn ún, ó dáa. Fóòmù ṣáà ti wà níbẹ̀.

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè mí níbí. Ẹnu kan ṣoṣo ló kù láyé tó ń pè mí ní Ajẹran-ìkòkò, ẹnu ẹni tó ká mi mọ́ ìdí ọbẹ̀ ọdún Àjíǹde. Tí ẹ bá rí mi lórí òkè ní Sátidé, tí mò ń ti kẹ̀kẹ́, tí gbogbo ọjà ń fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ má ṣàánú mi. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ pè mí lórúkọ yẹn. N ó mọ̀ pé ẹrù ti kúrò lórí yín.

Ọlọ́run á bá wa dá yín sí. Kò ní jẹ́ kí àwàdà ọmọ tún di ẹkún ìyá. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ìyá ìjọ, ẹ kí ẹni tó fa àkùkọ wá, kó jọ̀ọ́ má tíì pa á.

Èmi ni ọmọ yín, tí kò ní oògùn, tí kò sì ní èémí,
Àkànjí.