Ìlà Kẹta Nínú Ìwé Tí Mo Pín

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì. Ìlobù.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni mo ti pín ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìwọnlẹ̀, tó sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ lè ṣe kí sáà tó parí. Ìlà kẹta ní kí kálukú lè wọn oko kan fúnra rẹ̀.

Wọn ò tíì wọn nǹkan kan. Nígbà tí mo fẹ́ kó wọn lọ sọ́nà Ìfọ́n, àwọn àgbà ní kí n má dán an wò, pé ẹni tó bá rí ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ nítòsí ààlà tí ìlú wa àti Ìfọ́n ń jà lé lórí yóò rò pé wọ́n tún ń gé ilẹ̀ fún ẹlòmíì. Òótọ́ ni. Mo bá ní kí kíláàsì fagi lé ìlà kẹta lónìí.

Ràfíátù, ọmọ Ìfọ́n, wá kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì mi.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fagi lé e. Mo ti kà á fún bàbá mi. ‘Sọ̀féyọ̀ wa’ ni wọ́n ń pè mí báyìí.”

“Tí wọ́n bá gbéṣẹ́ fún ọ lọ́la ńkọ́?”

“Màá sá ni, sà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rọ yẹn dúró.”

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dùn mọ́ mi. Níbí, ẹni tó bá ṣi ilẹ̀ wọ̀n lè dá ìjà sílẹ̀.

Oko ni mo kọ, oko nìkan ni mo sì ń wá kiri, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ èyíkéyìí ni wọ́n lè fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn oko. Mo ti gba pápá bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ Ajé. Ìlà kẹta dúró. Ẹni tí kò bá lè wọn pápá náà kò ní yege, títí kan Ràfíátù.