Ilẹ̀ Ìsọ̀ Ìyá Haleemah

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Karùn-ún 2024

Ìtòkú. Wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ pupa síbi tí Ìyá Haleemah aláró fẹ́ kọ́ ìsọ̀ wọn sí, ẹ̀rọ ti gún un mọ́lẹ̀. Tèmi ni kí n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó le tó láti gba ògiri búlọ́ọ̀kù. Ìyá yìí pọ̀n mí ní kékeré. Mo ṣì mọ òórùn aró ẹ̀yìn wọn.

Ọ̀nà méjì ló wà. Kí n gbẹ́ ihò, kí n wọn yẹ̀pẹ̀ tó jáde, kí n yan án gbẹ, kí n da iyanrìn sínú ihò náà láti mọ bó ṣe tóbi tó — odidi ọjọ́ kan. Tàbí ọ̀pá irin: lù ú wọlẹ̀, ka iye ìgbà tó o lù ú; bó bá pọ̀, ilẹ̀ le nìyẹn. Wákàtí kan péré.

Ọ̀gá Wàràwàrà (ọ̀gá iṣẹ́ wa ni, kò mọ̀ pé orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn) ní búlọ́ọ̀kù ti wà nílẹ̀, kí n yáa ṣe kíá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Ọ̀pá ni mo lò. Kò rìn jìnnà tó fi dúró gbọin, mo lù ú títí. Inú mi dùn. Ìyá ní láyé àtijọ́, ibẹ̀ làwọn aláró ń da eérú àti àfọ́kù ìkòkò sí. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí Ìyá fọkàn balẹ̀, ilẹ̀ wọn le. Wọ́n ṣàdúrà fún mi. Mo kọ ọ́ síwèé pé ó yege.

Ọjọ́bọ̀, 16

Ògiri ti ń ga. Òjò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Ògiri wó lẹ́yìn òjò àárọ̀. Ìyá Haleemah wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fi ọkọ̀ mi gbé wọn dé ọsibítù — wọ́n ti kú. A ti sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Mi ò lè kọ̀wé mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 27

Mo padà lọ gbẹ́ ihò. Lẹ́yìn ìgbà tó ti bọ́ sórí! Lábẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa, àfọ́kù ìkòkò. Lábẹ́ àfọ́kù, eérú rírọ̀. Ọwọ́ mi wọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Àfọ́kù ni ọ̀pá mi ń lù. Èmi ọmọ Ìtòkú, tí mo fi àfọ́kù wọ̀nyẹn ṣeré dàgbà. Yéè, mo gbé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28

Ọ̀gá ní kí n panu mọ́, òjò ló fà á. Mi ò jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹfà

Àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Haleemah fi omi kò mí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbé ìyá òun dé ọsibítù. Ó ní àwọn máa tún ìsọ̀ náà kọ́, kí n bá àwọn yẹ ilẹ̀ ọ̀hún wò, torí ìyá òun fọkàn tán mi. Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lára. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un.

Kò sunkún. Ó kàn bi mí bóyá ọ̀nà mìíràn wà tí ǹ bá fi mọ̀.

Mo ní ó wà.

"Kí ló dé tẹ́ ò lò ó, Bọ̀dá Ìníolúwa?"

"Ọjọ́ kan ni ì bá gbà."

Ó gba ife omi náà lọ́wọ́ mi, ó wọlé lọ.