Jannat, Ẹ̀dọ̀ Àgbò Ti Dá Ẹjọ́ Rẹ

Jannat ọmọ mi,

Irọ́ ni Bashir àbúrò rẹ pa fún ọ. N kò sọ pé kí wọ́n fi okùn dè ọ́ wálé láti Àbújá. Mọ́tò ni mo sọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ. Gbogbo ilé ń kí ọ. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, ẹni tó yẹ kó jẹ ẹ́ ló wà ní Àbújá tó ń febi pa ara rẹ̀.

Bí mo tiẹ̀ fi ọdún díẹ̀ péré jù ọ́ lọ, àbúrò bàbá rẹ ni mí, bàbá rẹ náà ni mo jẹ́, màá sì sọ tẹnu mi. Àwọn dókítà ní kí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe máa dín oúnjẹ kù fún ọdún méjì, kí wọ́n lè mọ ohun tí yóò ṣe fún ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ìwọ náà sì gbà. Ààwẹ̀ Ramadan gan-an, oṣù kan ni, ìṣínu sì ń bẹ nírọ̀lẹ́. O tún ní fóònù ló ń bá ọ ṣírò oúnjẹ. Fóònù tí kò gbé òkèlè mì rí.

Bàbá rẹ ti ń palẹ̀ mọ́ láti wá mú ọ. Mo ní kó dúró di Iléyá, kí ẹ̀dọ̀ àgbò dá ẹjọ́ náà, ẹ̀dọ̀ la ṣáà máa ń kọ́kọ́ sun jẹ tí a bá kírun dé. Àgbò méjì la ní: èyí tí mo so mọ́lẹ̀, tí mò ń fi àgbàdo àti èèpo iṣu bọ́ títí tí kò fi lè dìde dáadáa, àti èyí tó ń wá koríko kiri, tí ènìyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀. Mo ní bí ẹ̀dọ̀ aláìjẹun yẹn bá ti bàjẹ́, Jannat ń bọ̀ wálé nìyẹn. Adétúnjí aládùúgbò wa ní òun wà lẹ́yìn mi. Àmọ̀pé ìyàwó mi wà lẹ́yìn mi, àti gbogbo ẹni tó ń retí ẹran.

A la inú àgbò mi. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ọ̀rá bò ó, ó sì ń já lọ́wọ́ ẹni tó mú un. Ti elégungun yẹn pọ́n dòdò, ó sì le dáadáa. Bàbá rẹ wo ẹ̀dọ̀, ó wò mí, ó ní, “Mùstàfá, fi ọmọ mi sílẹ̀ síbi tó wà.” Adétúnjí ti bọ́ sẹ́yìn bàbá rẹ. N kò ka àwọn yòókù mọ́.

N kò tíì gbà o. Àgbò kì í ṣe ènìyàn, àwọn dókítà rẹ pàápàá kò sì tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí. Bí ó bá ń rẹ̀ ọ́, má fi pamọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún pè ọ́ ní ẹni tí kò rówó oúnjẹ ní Èsìé yìí, èmi ni yóò bá fà á.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra bẹ́líìtì. Láti Iléyá ni gbogbo ṣòkòtò mi ti ń yọ̀ nídìí mi. Àmọ̀pé ní n kì í jẹun tán mọ́, n kò mọ ohun tó fà á. Ọlọ́run á fi àlàáfíà sí ẹ̀dọ̀ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ kékeré,
Mùstàfá