Igi Tí A Hú Lórí Òkè

Japan, oṣù Karùn-ún, 1986

Yèyé mi àtàtà,

Ẹ kú àtijọ́ o. Ara mi le koko, mo máa tó padà sílé-ìwé. Bàbá kan tó ń gbin igi sínú àwo, kó lè máa wà ní kékeré, ni mò ń bá ṣiṣẹ́ ná. Lóṣù Kẹta, a tọrọ igi kékeré kan lọ́wọ́ ẹni tó ni òkè, a hú u tòun ti yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, a sì dí ihò náà, kí a tó gbìn ín sínú àwo.

Mo rántí yín nínú igbó Òkè-Ògbó. Èèpo ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lẹ máa ń bó lára igi fún àgbo, kí igi náà má baà kú, ẹ ó sì fi erùpẹ̀ pa ojú egbò náà. Èmi náà fi erùpẹ̀ pa ojú gbòǹgbò tí a gé, mo ní, “Má bínú.”

Bàbá náà bi mí pé ta ni mò ń bẹ̀. Mo ní bí yèyé mi ti ń ṣe é nìyẹn. Òun náà tẹríba fún igi náà.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará Ìlárè. Ẹ má sọ fún wọn pé igi náà kò tíì rúwé.

Ọmọ yín,
Fúnṣọ́