Àmín Tí Mo Ṣe Lóko Adìyẹ

Agboolé Oníyangí,
Ẹdẹ.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun àìlá.

Naimat ọmọ mi, Àbẹ̀ní,

Mo kí ọ dáadáa láti inú ilé tí a bí ọ sí. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ara ńkọ́? Oorun ńkọ́? Ọwọ́ rẹ ọ̀tún ńkọ́, ṣé kò dùn ọ́, ṣé kì í wúwo tí o bá ń kọ̀wé? Má fi ìbéèrè yẹn rẹ́rìn-ín. Ohun tó mú mi bèèrè wà níwájú. Ara tèmi wà níbẹ̀. Kò le, kò sì ṣàìsàn. Ó kàn wà níbẹ̀ ni.

O máa ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, ẹnu rẹ á yá ju tèmi lọ. Wàá ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé," wàá sì ṣàlàyé títí owó á fi tán lórí fóònù. Ìwé kì í já lu ọ̀rọ̀ mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ìwé kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kúrò nílé ìwé, gbogbo ayé ló mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá kọ ṣeé kà. Àmì tí mi ò bá rántí fi sí i, ìwọ fi sí i, ìwọ lo lọ sí yunifásítì.

Wọ́n ti dá wa dúró lóko adìyẹ Alájì Salman lọ́nà Sẹ́kọ́nà. O ti gbọ́ ìyẹn. Ohun tí o ò gbọ́ ni bó ṣe lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Àtìní kan, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, a ò tíì wọ ilé adìyẹ, máníjà ní kí gbogbo àwa àgbàlagbà dúró lábẹ́ páànù tí a ti ń to ẹyin. O mọ máníjà náà, Káyọ̀dé, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í fẹ́ kí ìgbẹ́ adìyẹ kan bàtà rẹ̀ yẹn. Ó mú ìwé kan dání. Ó ní ìjọba ti gbé ìlànà tuntun jáde lórí òṣìṣẹ́ tó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Wọn ò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo mọ́. Wọn ò gbọdọ̀ pẹ́ níbi tí òórùn ìgbẹ́ adìyẹ ti pọ̀. Ọ̀gá wọn gbọ́dọ̀ máa gbé wọn lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò, òun ni yóò sì sanwó rẹ̀. Bó ṣe ń kà á ni mo ń mi orí. Mo ní nínú ara mi pé ẹni tó kọ èyí ní ìyá. Nígbà tó kà á tán, ó ká ìwé náà, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, Alájì ní àwọn ò lè ṣe gbogbo èyí. Wọ́n ní ẹ ṣeun, ẹ lọ máa sinmi nílé."

Adìyẹ nìkan ló ń pariwo. Àwáwù, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí oko yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹni tó jókòó sínú yàrá tútù, tó kọ ìwé tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, kí ọwọ́ tó fi kọ ọ́ rọ mọ́ ọn lára!" A ṣe àmín. Gbogbo wa ni. Mo ṣe é pẹ̀lú wọn, Naimat. Mi ò ronú. O mọ bí àmín ṣe ń jáde lẹ́nu ẹni tó ti ń kírun láti kékeré, ẹnu á ti sọ ọ́ kí ọkàn tó dé ibẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Káyọ̀dé pariwo pé, "Háà, Màmá, ẹ má ṣépè o! Ọmọ ìlú yìí wà lára àwọn tó gba ìjọba nímọ̀ràn. Mo rí àwòrán wọn lórí fóònù mi. Dókítà Naimat ni, ọmọ Màmá tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yẹn." Ó rò pé òun ń yẹ́ mi sí ni. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ní, "Ìyá Dókítà, ẹ kú oríire o! Ọmọ yín ló ní ká lọ sinmi!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwáwù ò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé, "Ṣé òótọ́ ni, Ìyá Naimat?" Mo ní òótọ́ ni. Mi ò sẹ́ ọ, mi ò ní sẹ́ ọ láéláé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi méjèèjì ṣì là sílẹ̀ fún àdúà tí a ṣe, mo sì ń wò wọ́n, mi ò mọ bí mo ṣe máa pa wọ́n dé.

Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan kan ò dùn mí, nǹkan kan ò sì dùn mọ́ mi. Mo ṣì ń jí kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Mo kírun, mo wé gèlè, mo jáde sẹ́nu ọ̀nà. Mọ́tò tó máa ń kó wa lọ sóko ṣì ń gba iwájú ilé kọjá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, dírẹ́bà tẹ bíréèkì, ó wá rántí, ó wojú mi, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Mo dúró títí eruku fi wálẹ̀. Mi ò sunkún. Mo wọlé, mo jókòó, wọ́n sì ti ń pe ìrun àìlá kí n tó mọ̀ pé gèlè ṣì wà lórí mi. Ní mọ́sáláṣí, tí lèmọ́mù bá ṣàdúà, tí gbogbo èèyàn bá ń ṣe àmín, ẹnu mi á là, ohùn ò ní jáde. Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Kò jáde.

Àwáwù wá sílé lẹ́yìn ìrun àlàásárì lọ́jọ́ kejì. Kò jókòó. Ó ní, "N ò mọ̀ pé tìẹ ni. Mo ti gba èpè náà padà. Mo ti bẹ Ọlọ́run kó má gbọ́ ọ." Mo bi í pé, "Tí kì í bá ṣe tèmi ńkọ́?" Ó wò mí, ó ní, "Tí kì í bá ṣe tìẹ, kó rọ!" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò wá. Ó wá jókòó. Láti ìgbà yẹn, ojoojúmọ́ ló ń wá. A máa ń bó ẹ̀gúsí tí ẹnikẹ́ni ò rán wa láti bó.

Mo rántí Iléyá tó kọjá. O sùn sí yàrá mi, o gbọ́ bí mo ṣe ń húkọ́ mọ́jú. O ní, "Màámi, ikọ́ yìí ò dáa. Iṣẹ́ yẹn ni. Ẹ fi í sílẹ̀, mo lè máa tọ́jú yín." Mo ní ọmọ tí mo bí ò ní máa ra ọṣẹ ìfọṣọ fún mi nígbà tí apá mi ṣì ń ṣiṣẹ́. O fa aṣọ bora. Mi ò mọ̀ pé ìwọ náà lágídí tó bẹ́ẹ̀. Ikọ́ mi ni o dì sínú báàgì gbé lọ sí Àbújá. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ikọ́ náà ti dín. Orúnkún mi náà ò ké mọ́ tí mo bá fẹ́ dìde. Ohun tí o kọ yẹn dára. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Àwáwù.

Àwáwù ní kò burú. Ó ní, "Ṣé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n lé wa?" Mo ní kò kọ ọ́. Ó ní, "Ṣé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má lé wa?" Ó bá ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Mo gbé ìbéèrè náà fún ọ, torí ìwọ ló ni ín.

Èyí tó wá mú mi gbé bírò ni ti àná. Káyọ̀dé gun ọ̀kadà wá sílé. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ní, "Màmá, ọ̀gá wa ní Àbújá, Dókítà Naimat, pè mí. Alájì náà ti gbọ́. Wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ Àtìní tó ń bọ̀. Ẹ ò ní gbé nǹkan kan. Àga la máa gbé fún yín, ẹ̀yin á kàn máa wo àwọn tó ń to ẹyin." Mo bi í pé, "Àwáwù ńkọ́?" Ó wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin nìkan ni o. Ẹ jọ̀ọ́, kó má dé etí àwọn tó kù." Àwáwù sì wà lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń fẹ́ ẹ̀gúsí, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní kí Káyọ̀dé dìde. Mo ní kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ní Àbújá pé ìyá rẹ̀ ò sí nílé.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Mo mọ̀ pé oorun ò kùn ọ́ nítorí mi. Ṣùgbọ́n ta ni Àwáwù máa ní kó pe Káyọ̀dé fún òun? Bí mo bá jókòó sórí àga yẹn, ojú wo ni n óò fi wò ó tó bá ń lọ sójà? Wọ́n máa ní ọmọ mi kọ òfin, ó lé ìyá gbogbo èèyàn, ó dá tiẹ̀ sí. Wọn ò ní purọ́. Mo ti ta ẹyin, mo ti kó ìgbẹ́ adìyẹ, mo fi rán ọ lọ sílé ìwé, kò sí ọjọ́ kan tí mo gba ẹ̀yìnkùlé wọ ibi tí mo ti ń jẹun.

Nítorí náà, má pe Káyọ̀dé mọ́. Má bẹ Alájì. Má sì fa ohun tí o kọ ya, nítorí ikọ́ ẹlòmíì. Wá sílé ni. Má wá bá èmi nìkan. N óò pe gbogbo wọn sí àgbàlá wa, wàá jókòó sórí ẹní láàárín wọn. Jẹ́ kí wọ́n bú ọ dé ibi tí wọ́n bá fẹ́ bú ọ dé. Má ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà, kó ọ̀rọ̀ ẹnu wọn padà lọ bí o ṣe kó ikọ́ mi lọ, kí o wá àyè nínú ìlànà yẹn, kí o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀gá kankan ò gbọdọ̀ torí àtisan owó ọsibítù lé àgbàlagbà dànù. Ọjọ́ tí Àwáwù bá padà wọ géètì yẹn, n óò wọ̀ ọ́ tẹ̀lé e. Bí kò bá wọ̀ ọ́ mọ́, èmi náà ti wọ̀ ọ́ tán láyé mi.

Kí Ọlọ́run dá ọwọ́ rẹ sí. Kó má rọ, kó má gbọ̀n, kó má kọ ohun tí ìyá ẹnikẹ́ni á torí ẹ̀ sọkún. Kí Ó bá ọ tọ́jú ọkọ rẹ, kí àwọn ọmọ rẹ dàgbà lójú rẹ. Kí mọ́tò tó máa gbé ọ wá gbé ọ dé. Mo ti kọ àdúà náà, ṣùgbọ́n àmín rẹ̀ ò tíì jáde lẹ́nu mi. Bá mi ṣe é níbi tí o wà.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò sẹ́ ọ,
Àtinúkẹ́.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan: Kí n tó ká lẹ́tà yìí, Àwáwù wọlé, ó ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á, mi ò fo ibì kankan, títí kan ibi tí èpè rẹ̀ wà. Nígbà tí mo dé ibi àdúà, òun ló ṣe àmín. Ó ṣe é sókè débi pé ewúrẹ́ tó sùn sẹ́nu ọ̀nà dìde. Ó wá ní kí n bi ọ́ pé ọjọ́ wo lò ń bọ̀, kí òun lè tètè wá bá mi tẹ́ ẹní.