Orúkọ tí Ẹ Sọ Ọkọ Yín Kékeré

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé ẹjọ́ ni mo kó wá bá yín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé iṣẹ́ rédíò kan pè mí sí Ìsẹ́yìn, pé kí èmi tí mo ń fi ìtumọ̀ èdè jẹun wá sọ ohun tí Yorùbá ń pe ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó sì ń gbé ayé bí obìnrin. Ọ̀gá méjì ni mo bá níbẹ̀. Ọ̀kan ń dupò òṣèlú. Èébú ni gbogbo orúkọ tó mú wá. Èkejì ní ajàfẹ́tọ̀ọ́ lòun. Òkè òkun ni gbogbo orúkọ tirẹ̀ ti dé, ó sì ń lẹ̀ wọ́n mọ́ èèyàn bí ẹni ń lẹ bébà mọ́ àpò ìrẹsì tí kò tú wò.

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ na ara wọn lórí bóyá ọ̀rọ̀ tí a fi ń tọ́ka sí ọkùnrin ló yẹ ká lò tàbí ti obìnrin. Yorùbá ni wọ́n sì fi ń jà! Mo rọra ṣàlàyé pé "ó" la ní, "wọ́n" la ní. Èdè wa kì í béèrè akọ tàbí abo níbẹ̀, bóyá ẹni náà jù wá lọ ló ń béèrè. Olóṣèlú náà ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ fi gírámà sílẹ̀ jàre, ọ̀rọ̀ ìlú la ń sọ!" Ó sì ń sọ "ó, ó" lọ títí ètò fi parí. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà lẹ́nu ara rẹ̀ ló fẹ́ sọ ẹlòmíì lórúkọ.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó béèrè bóyá a mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Èmi mọ ẹnì kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n.

Àbíkẹ́yìn bàbá bàbá mi ni. Wọ́n ṣì ń rákòrò nígbà tí wọ́n gbé yín níyàwó wá sí Ṣakí, ìyàwó kò sì gbọdọ̀ pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ẹ ní ẹ wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́ kí ẹ tó sọ wọ́n ní Eyínmẹ́nugún, nítorí ẹ̀rín wọn. Pẹ̀lú ikun tó ń ṣàn nímú wọn, ẹ óò kúnlẹ̀: "Eyínmẹ́nugún, ọkọ mi, ẹ wá jẹun." Ọkọ náà lẹ pe ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, torí ọmọ ilé ni gbogbo wọn. Nígbà tí Eyínmẹ́nugún bẹ̀rẹ̀ sí ró ìró, tí agbo ilé dàrú, ẹ ò pààrọ̀ ohunkóhun. Ṣé ẹ rò ó ni, àbí kò tilẹ̀ wá sí yín lọ́kàn?

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè la ó ṣe fídáù ọdún kan yín. Ọkọ yín kékeré pè mí láti Ìbàdàn. Wọn ò béèrè ibi tí wọn yóò jókòó sí, láàárín ọkùnrin ni tàbí láàárín obìnrin.

"Ìyàwó mi ti lọ," ni wọ́n ní. "Tí mo bá wọlé, ta ló máa pè mí?"

 Orúkọ tí ìyàwó ilé máa ń pe ọmọ ọkọ ni Eyínmẹ́nugún. Ọmọ ilé ni mí, ẹnu mi kò gbà á.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí, Ìyá mi. Ẹ yá mi ní orúkọ yẹn. Àwọn eléèébú yóò jókòó síbẹ̀. Kí wọ́n wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni màá dúró sí. Màá kúnlẹ̀ bí ẹ ṣe ń kúnlẹ̀, màá sì pè é sókè débi tí ẹ̀yin náà yóò gbọ́.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí ẹ kọ́ pé kí ó wo èèyàn kí ó tó pè é.