Òrùka Ìwé Ọgọ́ta

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kejìlá
Àlùmágàjí kékeré, 350. Òwú, 80. Ìyẹ̀fun tí mo fi po lẹ́ẹ̀ — ti inú agolo ni, ọ̀fẹ́. Ìwé — ọ̀fẹ́. Àwọn tó ń polówó ọjà ń ti ìwé mèremère bọ abẹ́ ilẹ̀kùn mi lójoojúmọ́. Àpapọ̀, 430. Ó ku 2,570 tí màá fi jẹun títí oṣù yóò fi parí.

Nọ́ọ̀sì ló fà á. Ó wọn ìfúnpá mi tán, ó ní aláìsàn méjì ni òun ń wò báyìí, kí n wá nǹkan tí ọwọ́ mi yóò máa ṣe. Òótọ́ ni. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nílé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ka ẹ̀wù mẹ́tàlélógún ní méjìlélógún. Èmi.

Tẹ́ẹ́rẹ́, àbúrò mi, ti lo ọjọ́ mọ́kànlélógún lórí ibùsùn kẹrin nílé ìwòsàn àdúgbò wa. Ihò wà nínú ọkàn rẹ̀. Lẹ́tà ilé ìwòsàn ńlá là ń retí, èyí tí yóò sọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Mo ṣèlérí ẹ̀ṣọ́ ìsinmi òpin ọdún fún un: ẹ̀wọ̀n olórùka ìwé, ọgọ́ta òrùka gbáko. Ó ní àìsàn ò tó, ẹ̀wọ̀n ló tún kù.

Ọjọ́bọ̀, 4
Mo ti mọ ọgbọ́n rẹ̀. To ìwé márùn-ún léra, gé wọn pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́fà. Má ka ohun tó wà lára wọn — àkókò ni ìyẹn ń jẹ. Fi lẹ́ẹ̀ sí i, yí i po, tẹ̀ ẹ́, ka ẹní dé ẹ̀wá. Odindi wákàtí kan, ọwọ́ mi ò gbọ̀n.

Ọjọ́ Ẹtì, 5
Mo gbé ogún lọ. Nọ́ọ̀sì bá mi so wọ́n sókè ibùsùn. Tẹ́ẹ́rẹ́ ń fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó. Ó ní ogójì ni mo ṣì jẹ òun, òun kì í sì í dárí gbèsè jini. Àbúrò mi ni lóòótọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 7
Méjìdínlọ́gbọ̀n míì nílé. Kò sí lẹ́tà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9
Akọ̀wé wọ́ọ̀dù bá mi pe ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ní lẹ́tà ti dé ilé mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó ń tọ́jú ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sí ti lọ ìsinmi, ó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá mú lẹ́tà wá lọ́jọ́ rẹ̀, wọn á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó di oṣù Kẹfà. Dókítà sì ti sọ fún mi pé Tẹ́ẹ́rẹ́ ò lè dúró de oṣù Kẹta.

Mo bi wọ́n bí lẹ́tà náà ṣe rí. Ìwé funfun, orí rẹ̀ aláwọ̀ aró.

Mo ti rí aró yẹn. Ara ẹ̀wọ̀n ni mo ti rí i.

Ọjọ́rú, 10
Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo gbé omi kaná, mo ń na òrùka kọ̀ọ̀kan sójú ooru rẹ̀. Lẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun ń jọ̀wọ́ wọn. Ká ní mo ra gọ́ọ̀mù gidi ni, gbogbo rẹ̀ ì bá ti fà ya. Ahun tí mo ń ṣe ló dá mi lóró, òun náà ló ń bá mi wá a.

Méjìdínlọ́gbọ̀n, mo tú gbogbo wọn. Márùn-ún jẹ́ ti lẹ́tà. Orúkọ Tẹ́ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. «Ẹ mú lẹ́tà yìí dání» wà níbẹ̀. Ọjọ́ ni kò sí. Mo tú pàǹtírí, mo gbọn ẹní. Kò sí.

A jẹ́ pé òkè ibùsùn ló wà. Wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù. Bó bá jẹ́ àná ni ọjọ́ náà ńkọ́?

Ọjọ́bọ̀, 11
Bí wọ́n ṣe ṣí ilẹ̀kùn ni mo wọlé. Mo fa àga. Tẹ́ẹ́rẹ́ ní, «Ẹ má gun nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n. Òrùka kejìdínlógún ló wà.»

Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti rí i. Ó yí ojú ìkọ̀wé rẹ̀ sínú.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní: «Ìyá orí ibùsùn karùn-ún, ilé ìwòsàn ńlá yẹn ni wọ́n gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ, kò padà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka gbogbo nǹkan, ṣé ẹ ka ìyẹn?»

Mi ò kà á.

Mo tú òrùka náà: Ọjọ́ Ẹtì, 12, aago méje àárọ̀. Ọ̀la.

Mo jókòó tì í títí. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó ní tóun bá lọ, ogójì òun ńkọ́. Mo ní ó ti di mọ́kànlélógójì, torí mo ti tú ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bá òun wá bàtà òun.

Ọjọ́ Ẹtì, 12
Ọkọ̀, 900. Ó ku 410.

Mo ti lẹ ọ̀nà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ páálí. Ọkùnrin tó ń gba lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá wò ó, ó wò mí, ó ní ṣé eku ló jẹ ẹ́ ni. Mo ní èmi ni eku náà. Ó lu òǹtẹ̀ sí i.

Lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ, Tẹ́ẹ́rẹ́ gbórí sókè lórí ibùsùn tí wọ́n ń tì. «Mọ́kànlélógójì, Ẹ̀gbọ́n. Mò ń bọ̀ wá gbà á.»

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìwé àti agolo lẹ́ẹ̀. Aago mẹ́wàá, òrùka mẹ́rìnlá. Aago méjìlá, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Aago mẹ́ta, ogójì. Ẹnikẹ́ni ò tíì jáde.

Ọ̀kan tó kù wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní lẹ̀ ẹ́. Bí gbèsè bá tán, kí lolówó tún ń padà bọ̀ wá ṣe?

Ìlérí, 60. Sísan, 59. Gbèsè, 1.